Omi Ẹja Mádààmù

Kò sẹ́ni tó ń fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, lódìkejì bọ́dà, nítorí pé ó fẹ́ lọ máa wá omi fún ẹja. Faransé ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkòròdú. Ohun tí Mádààmù tó ni sùkúù sọ nígbà tó gbà mí síṣẹ́ nìyẹn, ohun tí mo sì sọ fún Àbẹ̀ní ìyàwó mi nìyẹn nígbà tí mo fi òun àti Ṣadé ọmọ wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé sùkúù yẹn lọ́dún náà tí ẹ bèèrè tíṣà Faransé, wọ́n á kọ́kọ́ wojú yín, wọ́n á wá ní, "Àbí Mùsíọ̀ ẹlẹ́ja lẹ̀ ń bèèrè?"

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Nàìjíríà ni pé mo di àjèjì. Ẹ gbọ́ ná. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, ọba ìlú wa wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kà bí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Odùduwà. Mo rò pé ilé ẹbí ni mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde lọ ra ọṣẹ, obìnrin tó ń tà á jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní Àgànyìn yìí gbọ́ Yorùbá o. Gbọ́ kẹ̀? Èmi tí wọ́n ń fi oríkì jí láti kékeré! Nínú sùkúù, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá a ní iná mànàmáná ní Kútọnu, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ò tíì rí iná láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń sọ fún wọn pé Kétu ni mí, èmi kì í ṣe ará Kútọnu. Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi yàtọ̀ síyẹn. Mò ń ríran dáadáa, wọn ò kàn gbà pé mo rí nǹkan kan ni.

Lẹ́yìn ọlidé Kérésì ni àpótí gíláàsì kan tí wọ́n ń sin ẹja sí dé. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sí sùkúù wa, àwọn ará ẹ́sítéètì ni wọ́n. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti já ọmọ sílẹ̀, wọ́n á forí lé ọ̀nà Èkó, ó di ìrọ̀lẹ́. Sùkúù mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní àdúgbò, ó sì ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Mádààmù wá ń wá ohun tí òbí máa rí lẹ́nu ọ̀nà táá fi mọ̀ pé sùkúù gidi lòun gbé ọmọ òun sí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Àìlàǹdì nínú Èkó ló bá a ra àpótí náà pẹ̀lú ẹja mẹ́ta. Méjì pupa bí ọsàn, wọ́n ní ìlà funfun lára, ẹ̀kẹta búlúù. Ẹja inú òkun ni wọ́n, omi iyọ̀ ni wọ́n ń gbé.

Mádààmù pe gbogbo tíṣà jọ, ó ní ta ló mọ̀ nípa òkun. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ṣebí etí òkun ni Kútọnu wà. Mo ní Kétu jìnnà sí òkun, pé mo ti hu irùngbọ̀n kí n tó fojú kan òkun rárá. Tíṣà ìṣirò ní kí n má da ara mi láàmú, pé Faransé ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe fi mí joyè ẹlẹ́ja nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ̀. Mo ti lanu tán. Ni Mádààmù bá ní bí àwọn ẹja náà bá wà láàyè títí di ọjọ́ tí àwọn òbí máa wá wo sùkúù, kí ọlidé Ísítà tó dé, òun á fún mi ní yàrá méjì tó wà lẹ́yìn kíláàsì, kí n lọ mú ìyàwó mi wá. Mo pa ẹnu mi dé.

Ẹ má fojú kéré yàrá méjì o. Yàrá kan ni èmi àti àpọ́n méjì jọ ń gbé lójú ọ̀nà Ìbẹṣẹ̀, onílé sì ti sọ pé òun ò fẹ́ rí ìyàwó ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, màá jókòó síta, màá máa gbọ́ bí àwọn ìyàwó àdúgbò ṣe ń pe ọmọ wọn wọlé. Ohùn Ṣadé á wá máa dún létí mi. Nígbà tí mo kúrò nílé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró ni. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti ń sáré báyìí. Sísáré ọmọ mi, ìròyìn ni mo fi ń gbọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n máa tọ́jú erin, màá tọ́jú erin.

Àbúrò Mádààmù kọ́ mi níṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní iyọ̀ kọ́ ni wàhálà, iyọ̀ òkun ti wà nínú ọ̀rá tí òun fi ránṣẹ́. Omi tí màá fi pò ó ni kí n ṣọ́ra fún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí kò ní nǹkan kan nínú, kò gbọdọ̀ sí ìpẹtà, kò gbọdọ̀ sí oògùn, àfi omi ṣá. Ó tún ní omi inú àpótí á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, iyọ̀ ò sì ní í bá a lọ, nítorí náà omi mímọ́ yẹn náà ni kí n máa fi bù ú, láìfi iyọ̀ sí i. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń rí irú omi bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń rà á nínú ìgò ńlá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àìlàǹdì. Ó dárúkọ iye tó ń rà á, mo bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Mádààmù ní owó ìgò ńlá ò sí, pé omi ò tán ní Ìkòròdú, kí n lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn sùkúù. Omi yẹn, bí ẹ bá pọn ọ́n sínú bàsíà funfun láàárọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti pọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n lò ó. Mo lò ó. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan fi bo gíláàsì, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹja búlúù kú. Mádààmù wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un lọ́rùn. Ó ní bí méjì tó kù bá kú, kí n gbàgbé yàrá.

A bọ́ sórí píọ̀ wọ́tà. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé, ẹ ó bá mi lẹ́bàá àpótí, màá máa fi eyín ya ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, tíṣà tó wọ táì. Àwọn òbí ń rí mi. Mádààmù ní owó píọ̀ wọ́tà ẹja ti ju ti odindi kíláàsì lọ. Nǹkan yíyọ̀ náà ò sì kúrò, torí pé àwọn kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà, omi ẹ̀rọ bíi tiwa ni wọ́n kàn ń sẹ́ sínú ọ̀rá. Ẹnì kan ní kí n lọ ra omi bátìrì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, pé ìyẹn ò ní nǹkan kan nínú. Mo rà á. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ ta díẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó hó yaya. Ásíìdì ni wọ́n tà fún mi.

Ìgbà yẹn ni Àlàájà, ìyá Mádààmù, wá kí ọmọ rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni màmá yìí tà títí tó fi kọ́ ilé. Ó tẹjú mọ́ àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rí i rí kí wọ́n máa ra omi fún ẹja, pé ṣé ẹja ló yẹ kó máa bèèrè irú omi tó máa mu? Ó ní kí n lọ bu omi ọ̀sà, kí ẹja lọ fara mọ́ ọn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbẹṣẹ̀. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi í ṣe, mo sọ fún un. Ó ní omi ọ̀sà ò dúró sójú kan, pé tí òjò bá rọ̀ kì í níyọ̀, tí ọ̀dá bá dá ó ń níyọ̀ díẹ̀, pé gbogbo ohun tí Èkó bá sì dà nù ló ń bá a rìn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo mi, mo wọkọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ẹja yìí sú mi, mi ò lè purọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo pe ilé. Lábẹ́ agboòrùn tí wọ́n ti ń ta ìpè ni mo ti ń pè wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní fóònù ládùúgbò wa ní Kétu ni màá pè, á ránṣẹ́ pe Àbẹ̀ní, màá wá pe padà. Iye tí wọ́n ń gbà fún ìpè òkè òkun ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Òkè òkun! Kétu! Àbẹ̀ní ní kí ló dé tí ohùn mi rẹ̀ báyìí. Mo ní omi ni. Ó ní ṣé kò sí omi níbẹ̀ ni? Mo ní ó wà, kò kàn mọ́ tó fún ẹja. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já.

"Bàbá Ṣadé," ó ní, "orí ìlà omi ni wọ́n ti wá pè mí yìí. Àárọ̀ ni mo ti gbé korobá síbẹ̀."

Ó bi mí bóyá a máa jẹ ẹja náà ni. Mo ní rárá, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ó wá ní tí yàrá tí mo ti sọ fún òun bá bọ́ sí i, òun á wá, ṣùgbọ́n báàgì kékeré kan lòun á gbé. Òun á kọ́kọ́ wò ó ná. Bí kò bá ṣeé gbé, òun á mú ọmọ òun, òun á padà sọ́dọ̀ ìyá òun.

Ẹni tí kò gbé Kétu rí ò ní mọ ohun tó wà nínú ìdákẹ́ Àbẹ̀ní. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú wa wà, omi jìn nísàlẹ̀. Tí ọ̀dá bá dé, àwọn obìnrin á kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á lọ dúró de omi. Ìyá ìyá mi máa ń ti ìkòkò omi rẹ̀ mọ́ inú yàrá, kọ́kọ́rọ́ á wà létí ìró rẹ̀. Tó bá bu omi fún yín mu láìjẹ́ pé ẹ bèèrè, ẹ ti di ẹni iyì. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá ń fi eyín ya omi dànù fún ẹja yìí. Inú ń bí mi sí Mádààmù, ó ń bí mi sí ẹja, ó ń bí mi sí ara mi. Ṣùgbọ́n láìsí ẹja, kò sí yàrá.

Dírẹ́bà tó ń já píọ̀ wọ́tà fún sùkúù ló sọ fún mi pé ọ̀gá òun ní Agbówà ti ra ẹ̀rọ tuntun. Mo lọ ní Sátidé. Ẹ̀rọ náà ń fi agbára ti omi gba inú nǹkan kan tó há débi pé omi nìkan ló lè kọjá, ìpẹtà àti gbogbo ẹlẹ́gbin á gba ọ̀nà kejì lọ sínú gọ́tà. Omi tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Mo bẹ Àlàájì tó ni ibẹ̀ pé kó máa rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì fún mi kí wọ́n tó dì í sọ́rá, kó sì ta á fún mi ní ẹ̀dínwó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí òun bá ta kẹ́ẹ̀gì fún ẹnì kan, gbogbo Agbówà á gbé kẹ́ẹ̀gì dé.

Bó ṣe ń lé mi lọ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹni tó ń ta ọ̀rá fún un láti Kútọnu ni. Ẹni yẹn ń sọ Faransé, Àlàájì ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, ó wá gbàgbé, ó fi Yorùbá bú u. Mo na ọwọ́, mo gba fóònù. Ẹrù Àlàájì ti wà ní bọ́dà, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gbà á, òun ò mọ̀. Ó ti rò pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó fi fìlà nu ojú, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń bá a pe Kútọnu, òun náà sì ń rọ kẹ́ẹ̀gì mi kún láìgba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó píọ̀ wọ́tà bọ̀ ní Ìkòròdú ń bá mi gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà máa yọ̀ pé èmi kì í ṣe ará ibí.

Gíláàsì mọ́ kedere. Ẹja méjì tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wò wọ́n, ó ní, "Mùsíọ̀, ìwọ àti ẹja yìí, bákan náà lẹ rí, ẹ jọ jìnnà sílé." Mo ní ẹja ò san owó ilé, kó fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ àwọn òbí pé. Mo ti dé sùkúù ní àfẹ̀mọ́jú. Mo fa omi àtijọ́ jáde nínú àpótí títí ó fi ku ìdajì, mo fi kún korobá méjì, mo to kẹ́ẹ̀gì omi Agbówà sí ẹ̀gbẹ́ wọn ní kọ́rídọ̀, kí n lè po iyọ̀ òkun mọ́ omi tuntun náà tí mo bá padà dé, kí n fi kún un kí gbogbo ẹ̀ máa dán. Mo wá sáré lọ sílé lọ wẹ̀, kí n lè múra bí èèyàn.

Kò síná láti àná, ẹ̀rọ sùkúù ò fa omi. Bí mo ṣe kúrò ni Àlàájà dé láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ìyá asalátù rẹ̀, wọ́n wá ṣe àdúà fún sùkúù kí àwọn òbí tó dé. Wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n yí ẹ̀rọ títí, kò dáhùn. Wọ́n wo kọ́rídọ̀, wọ́n rí omi tó mọ́ gaara. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni kí wọ́n ṣe?

Nígbà tí mo padà dé, gbogbo kọ́rídọ̀ tutù. Kẹ́ẹ̀gì mi nà sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òfìfo. Àwọn ìyá jókòó sórí ẹní, ojú wọn ń dán, wọ́n ti ń ka àdúà lọ. Ẹja méjèèjì fara mọ́ ìsàlẹ̀ nínú omi ìdajì. Àlàájà rí mi, ó ní omi mi tutù, ó mọ́, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n ráhùn omi láé.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Àmín, mà." Ta ló máa bínú sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúà fún un? Yàrá méjì ti lọ. Àbẹ̀ní ti lọ.

Ni ìyá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, pé ta ni kò ní láárí tó da iyọ̀ sínú omi? Ó ti bu nínú korobá láti yọ ẹnu, ó tu ú dànù, wọn ò sì fọwọ́ kan korobá méjèèjì mọ́. Omi àtijọ́ mi! Mo sáré gbá korobá mọ́ra, aṣọ tí mo lọ̀ tutù rin. Mo da gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí. Kò mọ́ bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó kún. Ẹja gbéra kúrò nísàlẹ̀. Àwọn òbí dé, àwọn ọmọ fi imú tẹ gíláàsì, Mádààmù gbé mi síwájú wọn pé onímọ̀ òkun wọn láti Kútọnu nìyí. Mi ò ní okun láti sọ Kétu mọ́.

Nígbà tí àwọn òbí lọ tán, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi fún Àlàájà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Sàfúrà, a ti lo ẹ̀tọ́ ẹja, a ò mọ̀ ni. Ìlérí tó o ṣe fún ọmọ yìí, mú un ṣẹ lójú mi."

Mádààmù fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Inú mi ò tíì dùn tán tó fi ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, omi ẹja ò gbọdọ̀ sun kọ́rídọ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Yàrá àkọ́kọ́, ti omi ẹja. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tèmi. Ó ní kí n sọ fún Àlàájì kó fi dírọ́ọ̀mù kún kẹ́ẹ̀gì, kí omi má baà wọ́n. Mo ní ẹ ṣé, mà. Kí ni kí n sọ? Ilé tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ara mi ṣiṣẹ́ fún, omi ti gba ìdajì rẹ̀ kí ìyàwó mi tó dé, inú omi yẹn la ó sì máa gbà kọjá ká tó lè sùn.

Mi ò sọ fún Àbẹ̀ní lórí fóònù. Ojú ń tì mí. Nígbà tó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun, Ṣadé, àti báàgì kékeré yẹn, Ṣadé fi ara pa mọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò dá mi mọ̀. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn. Mo ní kó má bínú, pé báyìí ni wọ́n ṣe é, pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀ màá wá ibòmíràn.

Kò gbọ́ mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo dírọ́ọ̀mù, ó ń wo kẹ́ẹ̀gì tí mo tò kan ògiri. Ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ kan wọ́n.

"Omi ló wà nínú gbogbo èyí?"

"Omi ni."

"Nínú yàrá wa?"

Mo ní ti ẹja ni. Ó bi mí pé ẹja mélòó. Mo ní méjì. Ó ṣí ìdérí dírọ́ọ̀mù, ó bu omi, ó fún Ṣadé, ó bu tiẹ̀, ó mu ún tán láìmí. Ó wá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan, ó na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì wà nínú ẹkún náà. Mi ò mọ ibi tí màá dì í mú. Ó fi etí ìró nu ojú.

"Bàbá Ṣadé, ẹ lọ pe ìyá mi," ó ní. "Ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù mi tó kù wá. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi korobá sílẹ̀."